Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Tún Borí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ẹlòmíì bí kò ṣe Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti Ajá tí ó yá a lówó, àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Detroit, ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ni Ìjàpá ń wá ní Detroit. Ibo ni oúnjẹ wà tí Ìjàpá kì í dé? Ìlú ẹranko sì kúkú ni ìlú náà. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níbẹ̀ ń jẹ́ Kìnnìún, àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré ń jẹ́ Ẹkùn. Àwọn alápẹ̀rẹ̀ ní tiwọn kò jẹ́ orúkọ ẹranko. Piston ni wọ́n ń jẹ́, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Fred Zollner tó dá wọn sílẹ̀ ní ìlú Fort Wayne ló ní ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin bẹ́ẹ̀, ó sì fi orúkọ ọjà rẹ̀ sọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 1957 ó kó wọn wá sí Detroit, ìlú àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní 1989, wọ́n gbà á ní 1990, wọ́n tún gbà á ní 2004. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Nínú àlọ́ tèmi, Erin ló ni ẹgbẹ́ náà. Ọdún 2011 ló rà á. Ìtòsí Detroit níbẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní agbègbè Flint, ṣùgbọ́n California ló fi ṣe ibùgbé. Ní sáà 2022 sí 2023, àwọn ọmọ Erin gbá eré 82, 17 péré ni wọ́n borí. Erin wò ó, ó ní owó ló máa tún èyí ṣe.

Ó gbọ́ pé Àgbò wà nílé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Àgbò, àwọn Oòrùn ti ìlú Phoenix ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ní 2022 òun ni wọ́n fi jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pegedé jù lọ nínú gbogbo líìgì. Erin ránṣẹ́ sí i. Àgbò ní òun fẹ́ fi ọdún kan sinmi. Erin gbé owó kalẹ̀. Àgbò mi orí. Erin gbé òmíràn lé e. Àgbò tún mi orí, ṣùgbọ́n ìmi orí ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò le tó ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí owó náà di dọ́là mílíọ̀nù 78 àtààbọ̀ fún ọdún 6, Àgbò dìde, ó wọ bàtà. Títí di ọjọ́ náà, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan nínú líìgì wọn tí wọ́n fún ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kò bá Àgbò wí o. Ẹ fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ hàn mí, kí ẹ wò ó bóyá n ó rántí pé ó rẹ̀ mí.

“Bàbá, kí ni orúkọ Àgbò gan-an?”

Monty Williams ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn. Ẹtu tó ń darí eré lórí pápá, Cade Cunningham ni, ọmọ ọdún 22 nígbà náà. Ẹfọ̀n ni Isaiah Stewart, Àgùnfọn ni Jalen Duren, Ehoro tó ń fò bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀ ni Ausar Thompson. Ó tó báyìí. Ẹni tó bá tún bèèrè orúkọ, òun ni yóò pa àlọ́ tó kù.

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2023. Miami fi àmì kan ṣoṣo jù wọ́n lọ ní eré àkọ́kọ́, 103 sí 102. Lẹ́yìn náà wọ́n fi 111 sí 99 na àwọn Agbọ́n ti Charlotte. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n fi 118 sí 102 na àwọn Akọ Màlúù ti Chicago. Detroit gba ìgboro. Eré mẹ́ta péré ni wọ́n tíì gbá, àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọn yóò gbé ife ẹ̀yẹ kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Ìjàpá kan ilẹ̀kùn Ajá.

“Ajá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà. O rí àwọn ọmọ wa?”

“Mo rí wọn.”

“Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi máa wò wọ́n títí sáà yóò fi parí. Owó ló kù díẹ̀ káàtó. Yá mi.”

Ajá mọ Ìjàpá. Bàbá Ajá mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ àgbà náà mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ìgbà wo lo máa san án?”

Ìjàpá na ọwọ́ sókè bí ẹni tí ó ń búra ní kóòtù. “Ọjọ́ tí wọ́n bá tún borí. Ọjọ́ náà gan-an, kí oorun tó kùn ọ́.”

Ajá ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́gun méjì ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ Ajé wọ́n ń lọ sí Oklahoma, bí wọn ò bá borí níbẹ̀ wọ́n á borí lẹ́yìn rẹ̀. Gbèsè ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, bí ó bá pẹ́ jù. Ó ka owó fún un. Òwìwí tí kì í sùn lóru ló ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí Ìjàpá ṣe sọ ọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá tún borí.

Wọ́n lọ sí Oklahoma, wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n lọ síwájú, wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n wálé, wọ́n fìdí rẹmi níwájú ìyá wọn. Oṣù Bélú wọlé, oṣù Bélú jáde, wọn kò borí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dun Ìjàpá. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìtìjú ló sì ń wò. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú rẹ̀ là. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, gbogbo èèyàn fọwọ́ lẹ́rán, ó wá rí i pé kò sí ẹni tó ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ òun. Bí àwọn ọmọ bá fìdí rẹmi lónìí, òun sùn dọ́la. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi lọ́la, òun tún sùn. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ajá ní tirẹ̀ ń rù. Ajá tí kò mọ nǹkankan nípa bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀. Ó mọ ẹni tí kò yẹ kó máa ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ó mọ ìgbà tí Àgbò yẹ kó yọ Ehoro sílẹ̀ àti ìgbà tí kò yẹ, ó sì máa ń sọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹtu ń sáré, Ẹfọ̀n ń kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, wọn kò ní ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè kó wọlé bó ṣe yẹ, wọn a sì máa fi bọ́ọ̀lù ta ọ̀tá lọ́rẹ bí ẹni tó ń pín sàráà. Dọ́là mílíọ̀nù 78 kò mọ bí wọ́n ti ń ju nǹkan sínú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó di 21 oṣù Ọ̀pẹ̀, tí àwọn ará Utah wá nà wọ́n nílé, ó di ìgbà 25 léraléra. Sùúrù ìlú tán. Láti òkè pátápátá ibi tí ìjókòó ti dínwó ni orin ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ tó wà létí pápá. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kó tutù:

Erin olówó, sún mọ́bí kó o gbọ́
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*
Bọ́ọ̀lù ń fò, apẹ̀rẹ̀ ò rí i
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*
A sanwó àga, ìtìjú la jókòó tì
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*
Owó Àgbò ga, ó ga ju òrùlé
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*
Bó ò bá lè sè é, gbé ìkòkò f'áládùúgbò
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*

Ẹtu gbọ́ orin náà, ó ní lóòótọ́ nǹkan burú, ṣùgbọ́n àwọn kò burú tó ẹgbẹ́ tó borí 2 nínú eré 28. Ẹgbẹ́ tó borí 2 nínú eré 28 sì ni wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbe orin. Ìjàpá gun orí àga rẹ̀, ó kígbe títí ọrùn rẹ̀ fi yọ tán: “Ẹ má tà á! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Sùúrù ni baba ìwà!” Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí Erin bá ta ẹgbẹ́, ẹni tuntun lè dé, kí ẹni tuntun náà mọ nǹkan ṣe, kí àwọn ọmọ borí, kí Ajá wá gba owó rẹ̀.

Erin wá wo eré lọ́jọ́ kan ní àkókò yẹn. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu ni orin náà, ó ní òun kò ta ohunkóhun. Ó gbọ́ ohùn kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gbè sí tirẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ọlọgbọ́n náà gòkè wá. Bí Ìjàpá ṣe dé yàrá àwọn ọlọ́lá nìyẹn, níbi tí ẹran ń sun ara rẹ̀ lórí iná tí kò léèéfín. Ilé ìṣeré náà fúnra rẹ̀, orúkọ àwọn tó ń ta písà ló ń jẹ́, Little Caesars. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó bóyá Ìjàpá yóò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

“Ìjàpá, kí ni kí n ṣe?”

“Kábíyèsí, ẹ má ṣe nǹkankan.”

“Àwọn ará ìlú ń bínú.”

“Ó máa rẹ̀ wọ́n. Ilé tí a ń mọ, ṣé òòjọ́ là ń kan òrùlé rẹ̀? Ẹ fún Àgbò láyè. Ẹ fún àwọn ọmọdé láyè.” Ó bu ẹran. “Ẹ tún fún èmi náà ní ata díẹ̀.”

Mo ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí níbi tí kò sí bọ́ọ̀lù, láti ẹnu àwọn tó wọ aṣọ ńlá. Kí ó tó wọ̀ mí létí, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wo ohun tí ìdádúró náà ń sè nínú ìkòkò ẹni tó ń gbà mí níyànjú.

Lọ́jọ́ kejì ọdún Kérésìmesì, àwọn Àwọ̀n ti Brooklyn dé. Ẹtu nìkan ju àmì 41. Wọ́n ṣì fi 118 sí 112 nà wọ́n. Ìgbà 27 nìyẹn, kò sì sí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì náà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí láàárín sáà kan ṣoṣo. Ní 28 oṣù Ọ̀pẹ̀, wọ́n lọ sí Boston. Ajá àti Ìjàpá ń wò ó nílé Ajá. Ẹ ò bá rí i! Àwọn ọmọ Detroit ló ṣíwájú. Wọ́n ṣíwájú dáadáa títí wọ́n fi lọ sinmi ní ìdajì eré. Ajá ti gbé àpò tí yóò gba owó sí lẹ́sẹ̀. Ìjàpá ti kó orí wọ inú karahun, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ohùn rẹ̀ ń jáde wá: “Ṣé ó ti parí?” Boston lé wọn bá. Wọ́n fi kún àkókò. Wọ́n nà wọ́n ní 128 sí 122. Orí Ìjàpá jáde, ó ní kí Ajá fún òun lómi mu. Ìgbà 28 nìyẹn, wọ́n sì bá àwọn ará Philadelphia dọ́gba, àwọn tó pín 28 tiwọn sí ìparí sáà kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ní 30 oṣù Ọ̀pẹ̀, àwọn Raptor ti Toronto ló kàn, àwọn tó ń fi aláǹgbá abàmì ayé àtijọ́ ṣe àmì. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, ló ń darí ẹgbẹ́ wọn nígbà náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Detroit ló ń kọrin “tà á” láti ọjọ́ yìí, Toronto ló gbọ́ ọ. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ta OG Anunoby àti Precious Achiuwa fún New York, àwọn tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn kò sì tíì dé láti gbá eré. Nínú ohun tí Toronto gbà ni ẹ̀tọ́ Detroit láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìpele kejì lọ́dún 2024, tó ti kúrò lọ́wọ́ Detroit láti ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀tọ́ náà, ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi jù ni tirẹ̀ ń ṣíwájú. Ṣé ẹ rí i pé Ìjàpá kọ́ ni ẹyọ ẹnì kan tí àdánù Detroit ń bọ́?

Wọ́n gbá a títí ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Detroit 129, Toronto 127.

Àwọn àgbàlagbà sunkún. Ẹfọ̀n gbá Àgùnfọn mọ́ra. Ajá kò dúró wo èyíkéyìí nínú rẹ̀, ó ti dúró sí ìdí àga Ìjàpá.

“Owó mi.”

“Owó wo?”

“Wọ́n ti borí.”

“Ta ni wọ́n borí? Àwọn tí wọ́n ta ẹsẹ̀ wọn láàárọ̀? Èyí kì í ṣe ìṣẹ́gun, àánú ni.”

Wọ́n pe Òwìwí. Òwìwí ka ìwé, ó gbé ojú sókè wo àmì tó ń tàn lójú pátákó, ó ní 129 pọ̀ ju 127 lọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìjàpá ní òun kò ní kọ́bọ̀. Àwọn èrò tí orin ṣì wà lẹ́nu wọn yíjú sí i:

Ìjàpá ahun, kí lo fi pamọ́?
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*
Karahun ńkọ́, karahun ẹ̀yìn rẹ?
*Tà á o, gbúdù-gbúdù, tà á!*

Nígbà tí wọ́n dé orí karahun, ó yára fa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ, ó nà án sí Ajá. Ajá gbà á. Gbèsè parí. Bí Ajá ṣe wo eré tó kù nìyẹn títí di oṣù Igbe, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, nínú òtútù Michigan. Àwọn ọmọ parí sáà pẹ̀lú ìṣẹ́gun 14 àti àdánù 68. Wọn kò burú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Zollner ti dá wọn sílẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù 2024, Erin dá Àgbò dúró. Ọdún kan nínú mẹ́fà ló lò. Èyí tó kù nínú owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 65, Erin ló sì jẹ ẹ́. Ìsinmi tí Àgbò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n wá fún un tí wọ́n tún fi owó lé e.

Ìgalà ló gba ipò rẹ̀. (J.B. Bickerstaff. Mo ti ní kí ẹ má bèèrè.) Eré mẹ́rin àkọ́kọ́ ní sáà náà, wọ́n pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ìjàpá sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé òun mọ̀ wọ́n. Kò dúró wo ìyókù. Erin kò ta ẹgbẹ́, kò lé àwọn ọmọ, àwọn àgbà díẹ̀ tó mọ bí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè ni wọ́n wá bá wọn gbé. Ẹtu kan náà, Ẹfọ̀n kan náà, Àgùnfọn àti Ehoro kan náà. Ìṣẹ́gun 14 di 44.

Nígbà tó yá, ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, Ìjàpá tún kan ilẹ̀kùn Ajá. Wọ́n ti gbá eré mẹ́rin ní sáà tuntun, wọ́n borí méjì, wọ́n pàdánù méjì.

“Ajá, n kò wá yá owó. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fìdí rẹmi, kí o bọ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá borí, n ó bọ́ ọ.”

28 ló wà lọ́kàn Ìjàpá. Ó ní ìlú yìí, ìṣẹ́gun kan ní oṣù méjì. Ó ti sọ fún Yánníbo pé kó má wulẹ̀ dá iná títí ọdún tuntun.

Ajá ní kí wọ́n pe Òwìwí.

Wọ́n na àwọn ará Orlando. Yánníbo dá iná. Wọ́n tún borí, ó tún dá a. Lálẹ́ kẹrin Ìjàpá bu ọbẹ̀ sínú akèrègbè ọlọ́rùn tóóró, ṣùgbọ́n ahọ́n Ajá gùn. Lálẹ́ kẹfà ó ní ó rẹ òun, Ajá ní kó sinmi, òun á mú oúnjẹ fúnra òun. Ní alẹ́ kẹsàn-án, iṣu tán nínú àká. Yánníbo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́.

“Baálé mi, ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì.”

“Wọ́n á fìdí rẹmi lọ́la.”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lánàá.”

Títí di 24 oṣù Bélú, ìgbà 13 léraléra ni wọ́n borí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní sáà tó parí ní 1990 àti sáà tó parí ní 2004, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún méjèèjì. Ajá mọ èyí lórí. Orí oúnjẹ ló ti máa ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ yóò kún.

Ní 26 oṣù náà, wọ́n lọ sí Boston. Boston yìí kan náà. Wọ́n fà á títí dé ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, àwọn ará Boston fi 117 sí 114 jáwé olúborí. Igbe Ìjàpá ta gbogbo òpópónà Woodward jí. Ó jó láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ dé ti Ajá, ó gbé ọpọ́n tó tóbi jù nílé rẹ̀ lérí. Ọjọ́ kejì náà ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì ní tòlótòló lòun fẹ́. Tòlótòló tó wà nídìí ògiri bá ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ajá bu ẹ̀bà fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ tó dára. Kò jiyàn. Bí Ìjàpá ṣe ń nu ọpọ́n lá, Ajá mú ìwé Òwìwí jáde, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

“Eré mélòó ni wọ́n ń gbá ní sáà kan?”

“82,” ni Ìjàpá wí, ó ń lá ọwọ́.

“Mélòó ni wọ́n ti gbá?”

Ìjàpá dákẹ́, ó ń ka ìka. Yánníbo ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. “18. Baálé mi, ẹ rọra jẹ ìyẹn. Ó ku 64.”